Ìkógòsì, Erin-Ìjẹ̀ṣà àbí Ìbàdàn: bí ará Èkìtì ṣe lè dín owó ìwọlé ọgbà ìgbafẹ́ kù

Bí ẹ bá ń gbé ní Èkìtì, tí àwọn ọmọ sì ti ń dà yín láàmú pé àwọn fẹ́ jáde lásìkò ìsinmi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi owó ẹnu géètì nìkan yan ibi tí ẹ máa lọ. Owó géètì ni gbogbo èèyàn máa ń kọ́kọ́ béèrè, torí òun ni wọ́n kọ sára pátákó. Ṣùgbọ́n fún ẹni tó ń ti Adó, Ìkẹ̀rẹ́, Ọ̀tùn tàbí Ọmùò bọ̀, ọkọ̀ ló ń gba owó jù, ọ̀nà ló sì ń jẹ àsìkò tí àwọn ọmọ ìbá fi ṣeré. Tíkẹ́ẹ̀tì tó máa ṣe ará Bódìjà ní Ìbàdàn láǹfààní lè jẹ́ òfò fún àwa. Ohun tí mo fẹ́ gbé sójú kan wò nìyí: ibi tí ẹ lè lọ, irú tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń tà níbẹ̀, àti èyí tó bá ìrìn àjò tiwa mu.

Owó ìwọlé kì í dúró sójú kan nílẹ̀ yìí. Nítorí náà, àpẹẹrẹ ìṣirò ni gbogbo iye náírà tí ẹ máa rí nísàlẹ̀. Ẹ fi iye tí wọ́n bá sọ fún yín lórí fóònù rọ́pò wọn, kí ẹ sì ṣe é bí mo ṣe ṣe é.

Nítòsí ilé: Ìkógòsì àti Àrìnta

Ìkógòsì àti Ìpólé-Ìlórò, níbi tí ìṣàn omi Àrìnta wà, kò jìnnà síra wọn rárá. Abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì ni àwọn méjèèjì wà. Láti Adó, ẹ lè gba Ìlawẹ̀ tàbí kí ẹ gba Àrámọ̀kọ. Ẹ ó jí ní ilé yín, ẹ ó sì padà sùn síbẹ̀.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tó sọ Ìkógòsì di olókìkí: omi gbígbóná àti omi tútù ń ti ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sun, wọ́n pàdé, síbẹ̀ ẹ lè ki ẹsẹ̀ kan bọ gbígbóná kí ẹ ki èkejì bọ tútù. Omi yẹn, igbó tó yí i ká, àti adágún ìwẹ̀ tí wọ́n ń darí omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ náà sí, ni ẹ ń sanwó fún. Kò sí ẹ̀rọ tó ń gbé ọmọ yí po lójú ọ̀run níbẹ̀. Bí ọmọ yín bá ti pé ọdún mẹ́tàlá tó sì jẹ́ pé ẹ̀rọ ló fẹ́ gùn, inú rẹ̀ kò ní dùn, ẹ̀dínwó yòówù kí ẹ rí gbà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń mú ìyá àgbà dání, tàbí ìyá ọlọ́mọ tuntun, tàbí àwọn ọmọ kéékèèké tí omi nìkan ti tó láti mú inú wọn dùn títí ilẹ̀ fi ṣú, èmi kò mọ ibòmíràn tó sàn jù ú lọ ní gbogbo agbègbè wa.

Ibi mẹ́ta ni owó ti lè dínkù níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni kí ẹ béèrè bóyá owó géètì kó adágún ìwẹ̀ mọ́ra, tàbí ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀. Bó bá jẹ́ ọ̀tọ̀, àwọn tó máa wẹ̀ nìkan ni kí ẹ san tiwọn. Mo ti rí i tí bàbá kan sanwó ìwẹ̀ fún gbogbo ará ilé rẹ̀, tí ìdajì wọn sì jókòó sábẹ́ igi títí wọ́n fi lọ. Èkejì ni ẹgbẹ́. Láti ayé àwọn míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi ni àwọn ìjọ ti ń kó ara wọn lọ sí Ìkógòsì fún ìpàdé àti ìsinmi, kò sì ṣàjèjì síbẹ̀ kí èèyàn ogún tàbí ọgbọ̀n wọlé pọ̀. Ẹgbẹ́ àdúgbò, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ìjọ, àwọn ọmọ kíláàsì kan náà: ẹni kan ni kó pè, kó sọ iye yín, kó sì béèrè iye tí wọ́n máa gbà lórí ẹni kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀kẹta ló tóbi jù. Ẹ pa Ìkógòsì àti Àrìnta pọ̀ lọ́jọ́ kan náà. Owó géètì méjì ni ẹ máa san lóòótọ́, ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ kan ṣoṣo ni. Àrìnta ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ ní òwúrọ̀, nígbà tí ara ṣì ń le, torí ẹsẹ̀ ni ẹ máa fi rìn débẹ̀ nínú igbó. Lẹ́yìn náà kí ẹ wá fi omi gbígbóná Ìkógòsì na ara ní ọ̀sán. Ẹni tó bá kọ́kọ́ lọ sí Ìkógòsì kì í fẹ́ dìde mọ́.

Ní ti yàrá tí wọ́n ń gbà sùn ní Ìkógòsì, ará Adó kò nílò rẹ̀. Ẹni tó bá ti Ọmùò tàbí Ìkọ̀lé wá lè rò ó, pàápàá bí owó yàrá bá ti kó owó ìwọlé, ìwẹ̀ àti oúnjẹ àárọ̀ mọ́ra. Ẹ béèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ má gbà pé ó wà nínú rẹ̀ kí wọ́n tó fi ẹnu wọn sọ bẹ́ẹ̀.

Àrìnta àbí Olúmirìn ti Erin-Ìjẹ̀ṣà?

Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni Erin-Ìjẹ̀ṣà wà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Oríadé, ṣùgbọ́n ará Ẹ̀fọ̀n-Aláayè mọ̀ pé itòsí òun ni. Láti Adó, ẹ ó gba Àrámọ̀kọ kọjá sí Ẹ̀fọ̀n kí ẹ tó débẹ̀. Ìṣàn omi méjèèjì jọra: àpáta, omi tó ń dà láti òkè, afẹ́fẹ́ tútù. Èwo ni kí ẹ wá fi owó yín sí?

Ìpele méje ni omi Olúmirìn ní. Ọ̀pọ̀ tó ń lọ síbẹ̀ kì í kọjá ìpele kìíní tàbí ìkejì, torí gígun òkè náà le. Owó tí ẹ san ní géètì kò sì ní dín torí pé ìpele kìíní ni ẹsẹ̀ yín mọ. Bí àwọn ọmọ yín kò bá tíì pé ọdún mẹ́jọ, Àrìnta ni kí ẹ mú wọn lọ, ẹ ó sì tún fi Ìkógòsì kún un. Bó bá jẹ́ àwọn ọ̀dọ́ tó ní ẹsẹ̀ àti èémí ni, ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ sí Erin-Ìjẹ̀ṣà, kí wọ́n sì lọ ní àárọ̀ kùtù kí wọ́n lè gun òkè dé ibi tí agbára wọn bá mọ. Tiwọn ni owó yẹn á ti wúlò.

Àsìkò òjò ni omi méjèèjì máa ń kún tí wọ́n sì máa ń lẹ́wà jù. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá ti mú gan-an, bí oṣù kejì àti oṣù kẹta, omi máa ń fà sẹ́yìn, ẹ ó sì san owó kan náà láti wo omi tín-ínrín. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, Ìkógòsì ni kí ẹ lọ, kò sì sí ohun tó dà bí omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ lásìkò ọyẹ́. Ṣùgbọ́n òjò náà ní ewu tirẹ̀: àpáta máa ń yọ̀. Bàtà tó di ilẹ̀ mú ni kí àwọn ọmọ wọ̀, kì í ṣe sílípáàsì.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun fẹ́ ṣamọ̀nà yín gun òkè, ẹ kọ́kọ́ béèrè ní géètì bóyá iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú owó tí ẹ san. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ jọ fẹnu kò sí iye kan kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀. Ẹ gba rìsíìtì fún owó géètì pẹ̀lú. Owó tí kò ní rìsíìtì, a lè tún bi yín léèrè rẹ̀ níwájú.

Lọ́nà jíjìn: Ìbàdàn àti Ìbafò

Ibi tí ìṣirò ti le jù nìyí, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà á, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òbí láti Èkìtì ti ń náwó tí kò yẹ.

Oríṣi mẹ́ta ni ọ̀nà tí àwọn ọgbà ń gbà gbowó. Àwọn kan ń gba owó kan ní géètì, ó parí. Àwọn kan ń gba owó géètì, wọ́n á tún máa gba owó lórí nǹkan kọ̀ọ̀kan: ẹ̀rọ kan, owó kan, ìwẹ̀, owó ọ̀tọ̀, kámẹ́rà ńlá, owó ọ̀tọ̀. Àwọn kan ń ta bándì tí wọ́n ń dè mọ́ ọrùn ọwọ́, ẹni tó bá so ó lè gun gbogbo ẹ̀rọ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn sún mọ́ oríṣi àkọ́kọ́. Ọdún 1948 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹranko jọ síbẹ̀ fún ẹ̀kọ́, ó sì di ọgbà ẹranko gidi ní 1974. Fún ọmọ ọdún mẹ́ta sí mẹ́fà, tí kò tíì lè gun ẹ̀rọ ńlá, èmi á yàn án ṣáájú ibikíbi ní Ìbàdàn. Ẹ wọlé, ẹ wo kìnnìún, ẹ wo ọ̀nì, kò sí ẹni tó tún ń na ọwọ́ sí yín ní ìdúró kọ̀ọ̀kan.

Ọgbà Agodi, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, tí àgbàrá Ògùnpa sì bà jẹ́ ní 1980 kí wọ́n tó tún un ṣe, jẹ́ oríṣi kejì. Ẹ ó san ti géètì, ẹ ó sì san ti ìwẹ̀ lọ́tọ̀. Ibi tó dára fún kí ẹbí tẹ́ ẹní sórí koríko ni. Ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá wọ́n ń gba kulá oúnjẹ wọlé, torí ẹni tó ti Èkìtì gbé ìrẹsì àti ẹran rẹ̀ dání kò ní fẹ́ kí wọ́n dá a dúró ní géètì, kó tún wá lọ ra oúnjẹ tí owó rẹ̀ ju ti tíkẹ́ẹ̀tì lọ.

Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ ni àwọn ọmọ fẹ́ gùn, Trans Amusement Park ní Bódìjà tàbí Hi-Impact Planet ní Ìbafò lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ni ọ̀pọ̀ máa ń rò. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ bándì àti owó ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ti máa ń wọlé.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é báyìí. Ká ní géètì jẹ́ ₦2,000, ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ₦1,500, bándì tó kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ géètì sì jẹ́ ₦8,000. Ọmọ tó gun ẹ̀rọ mẹ́rin láìra bándì máa ná ₦2,000 àti ₦6,000, ìyẹn ₦8,000 géérégé. Nítorí náà, bándì kò ní èrè kankan àfi bí ọmọ bá gun ẹ̀rọ karùn-ún.

Ṣé ọmọ tó ti Èkìtì wá lè gun ẹ̀rọ karùn-ún? Bí ẹ bá kúrò ní Adó ní aago mẹ́fà ìdájí, tí ẹ dúró jẹun ní Iléṣà tàbí Ifẹ̀, ó lè tó aago mọ́kànlá kí ẹ tó wọ ọgbà ní Ìbàdàn. Ẹ kò sì fẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá yín lójú ọ̀nà, torí náà, aago mẹ́ta ni ẹ gbọ́dọ̀ ti máa kó ẹrù. Wákàtí mẹ́rin péré nìyẹn, ẹ ó sì tún jẹun nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ọgbà bá dá, ọmọ lè gun mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án, bándì sì máa pa owó mọ́. Ṣùgbọ́n ní 27 May, ọjọ́ àwọn ọmọdé, tàbí ọjọ́ kejì Kérésì, tàbí ọjọ́ Ìléyá, ìlà máa gùn débi pé kó tó kan ọmọ yín, ó lè tó ìdajì wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ẹ̀rọ kan. Ọmọ tó bá gun mẹ́rin lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀ gbìyànjú. Ará Ìbàdàn tó lè dúró títí di aago mẹ́fà ni bándì ṣe láǹfààní lọ́jọ́ ọdún. Àwa, ká máa sanwó lórí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ ọdún, ká ra bándì lọ́jọ́ tí kò sí ọdún. Bí ẹ bá ní àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n ní Ìbàdàn tí ẹ lè sùn sọ́dọ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ yí padà, torí ẹ ó lè wọlé nígbà tí wọ́n bá ń ṣí géètì.

Ẹ má sì ra bándì fún gbogbo ilé. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ló ní ìwọ̀n gíga tí ọmọ gbọ́dọ̀ tó kí wọ́n tó gbà á. Ẹ wo ìdílé kan: bàbá, ìyá, ọmọ ọdún mẹ́rin, ọmọ ọdún mẹ́jọ àti ọmọ ọdún méjìlá. Bándì fún àwọn márààrún jẹ́ ₦40,000. Bí bàbá àti ìyá bá san géètì nìkan, ₦4,000 nìyẹn. Ọmọ kékeré gun ẹ̀rọ méjì tó bá a mu, pẹ̀lú géètì rẹ̀, ₦5,000. Àwọn méjì tó dàgbà gba bándì, ₦16,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦25,000. Ẹ ti fi ₦15,000 sápò, kò sì sí ọmọ tí inú rẹ̀ bàjẹ́.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ ká fi ₦15,000 yẹn wé ti ọkọ̀. Ká ní bọ́ọ̀sì oníjókòó mẹ́rìnlá tí ẹ háyà lọ bọ̀ jẹ́ ₦140,000. Bí èèyàn mẹ́rìnlá bá kún un, ₦10,000 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí méje péré bá wọ̀ ọ́, ₦20,000. Ìdílé ẹlẹ́ni márùn-ún máa pa ₦50,000 mọ́ nítorí pé bọ́ọ̀sì kún, dípò kí èèyàn méje péré wà nínú rẹ̀. Kò sí ẹ̀dínwó géètì tó lè ṣe irú èyí fún yín. Ẹ wá aládùúgbò, ẹ wá ará ìjọ, ẹ kún bọ́ọ̀sì kí ẹ tó máa rojọ́ tíkẹ́ẹ̀tì. Bọ́ọ̀sì tó kún náà ló sì máa sọ yín di ẹgbẹ́ tí wọ́n lè dín owó fún ní géètì.

Ọ̀nà kejì wà tí ọ̀pọ̀ wa kì í rò. Ìnáwó ń gbé wa lọ sí Ìbàdàn àti Èkó lọ́pọ̀ ìgbà: ìgbéyàwó, ìsìnkú, ìkómọjáde. Ọkọ̀ ti di sísan. Bí ẹ bá mọ̀ pé ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ìgbéyàwó, ẹ lọ ní ọjọ́ Ẹtì, kí àwọn ọmọ lo ọ̀sán ọjọ́ náà ní ọgbà ẹranko. Owó géètì nìkan ni ẹ fi kún ohun tí ẹ ti fẹ́ ná tẹ́lẹ̀. Bó bá jẹ́ Èkó ni ìnáwó náà, Lekki Conservation Centre ni kí ẹ rò. Ibẹ̀ ní afárá gígùn tó jẹ́ mítà 401, tí wọ́n so kọjá lórí àwọn igi. Ẹ ṣàkíyèsí pé ọ̀tọ̀ ni iye tí wọ́n ń gbà fún rínrìn lórí afárá náà. Ẹni tí òyì ń kọ́ kò nílò rẹ̀, ó lè fi ẹsẹ̀ rìn nílẹ̀ káàkiri inú ọgbà. Láti Èkìtì lọ síbẹ̀ kí ẹ padà lọ́jọ́ kan náà? Ẹ má dán an wò pẹ̀lú ọmọ kékeré.

Ọ̀rọ̀ mi sí àwọn olùkọ́: ẹ̀yin ni ẹ̀dínwó wà lọ́wọ́ yín jù. Ọjọ́ iṣẹ́ ni ilé ìwé lè jáde, ọjọ́ tí ọgbà dá. Ẹ kọ lẹ́tà sórí ìwé ilé ìwé ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ṣáájú, ẹ sọ iye ọmọ, ẹ béèrè iye tí wọ́n máa gbà, kí ẹ sì béèrè ní tààrà bóyá àwọn olùkọ́ tó tẹ̀lé ọmọ máa sanwó. Mo fẹ́ kí ọmọ tí òbí rẹ̀ ń tà nínú ọjà náà rí kìnnìún kó tó jáde ní pírámárì. Owó tí ẹ bá fi lẹ́tà kan dín kù lè jẹ́ ti ọmọ bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ bá ní ọmọ lókè òkun

Ọ̀pọ̀ ilé ní Èkìtì ló ní ọmọ ní Amẹ́ríkà tàbí ní ìlú Ọba, ìyá àgbà tó lọ bá wọn tọ́jú ọmọ sì máa ń bá ara rẹ̀ nínú ètò ìgbafẹ́ tí owó rẹ̀ wúwo. Ẹni tó bá ń bá wọn gbèrò láti ilé, kó mọ ìwọ̀nyí.

Ní Walt Disney World ní Florida, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3 kì í san owó ìwọlé. Láti ọdún 3 sí 9, owó ọmọdé ni. Láti ọdún 10 lọ sókè, owó àgbà ni. Bí ọmọ bá máa pé ọdún 10 ní oṣù tó ń bọ̀, ẹ sọ fún bàbá rẹ̀ kó ṣe kíá. Iye tíkẹ́ẹ̀tì yàtọ̀ láti ọjọ́ dé ọjọ́, ọjọ́ tí ilé ìwé wà lẹ́nu iṣẹ́ sì máa ń rọjú ju àsìkò ìsinmi lọ. Bí iye ọjọ́ tí ẹ rà bá ṣe pọ̀ sí ni iye tó kan ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ṣe ń dínkù, ṣùgbọ́n àpapọ̀ rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Nítorí náà, ẹ má ra ọjọ́ márùn-ún torí pé ó "dínwó" bó bá jẹ́ ọjọ́ méjì lẹsẹ̀ àwọn ọmọ lè gbà. Tíkẹ́ẹ̀tì tó ń jẹ́ kí èèyàn kúrò nínú ọgbà kan bọ́ sí òmíràn lọ́jọ́ kan náà máa ń wọ́n sí i. Ẹni tó ní ọmọ kékeré kò nílò rẹ̀.

Ẹ má ra ọjọ́ tó ṣẹ́ kù lórí tíkẹ́ẹ̀tì ẹlòmíràn, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó. Orúkọ ẹni kan ni tíkẹ́ẹ̀tì wà fún, òfin ìpínlẹ̀ Florida sì lòdì sí títa tíkẹ́ẹ̀tì ọlọ́jọ́ púpọ̀ tí wọ́n ti lò lára rẹ̀. Owó yín á wọ omi, wọn á sì dá yín padà ní géètì níṣojú àwọn ọmọ. Ní ti ìyá àgbà tí kò ní gun ẹ̀rọ kankan, tí oòrùn sì ń pa, kò pọn dandan kó sanwó àgbà lójoojúmọ́. Disney Springs, ibi ìtajà àti ilé oúnjẹ, wà nítòsí, kò sí tíkẹ́ẹ̀tì ìwọlé níbẹ̀. Ó lè rìn, kó jókòó, kó jẹun pẹ̀lú ẹni kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀, kí wọ́n sì padà pàdé ní ìrọ̀lẹ́.

Ní ìlú Ọba, káàdì ọdọọdún Merlin kó ọgbà púpọ̀ pọ̀, lára wọn ni Legoland Windsor, Alton Towers àti Thorpe Park. Ẹni tó ń gbé níbẹ̀ ló wà fún. Àlejò ọ̀sẹ̀ méjì kò lè lò ó tán, tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ kan tí wọ́n rà sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló máa ṣe é láǹfààní jù.

Ìpè tó yẹ kí ẹ ṣe kí ẹ tó sanwó

Bó bá jẹ́ ilé la wà, ìpè kan lórí fóònù ṣe pàtàkì ju ohunkóhun tí ẹ lè kà lọ. Ẹ lè sọ ọ́ báyìí: "Ẹ káàsán o. A fẹ́ wá lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, láti Adó-Èkìtì. Àgbà mẹ́fà ni wá àti ọmọ mẹ́jọ, ọmọ ọdún méjì kan wà nínú wọn. Ẹ jọ̀ọ́, èló ni géètì? Láti ọdún mélòó ni ọmọ ti ń sanwó? Kí ni owó yẹn kó mọ́ra? Èló ni owó ibi ìgbọ́kọ̀sí? Ṣé ẹ ń gba kulá oúnjẹ wọlé? Bí a bá pọ̀ tó báyìí, èló ni ẹ máa gbà lápapọ̀?"

Lẹ́yìn èyí, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi iye tí wọ́n sọ ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kí ẹ ní nǹkan tí ẹ lè fi han ẹni tó bá wà ní géètì lọ́jọ́ náà. Bí wọ́n bá ní kí ẹ san sílẹ̀ kí wọ́n lè dín in fún yín, ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí òjò bá dá yín dúró: ṣé ẹ lè yí ọjọ́ padà, àbí owó ti lọ nìyẹn? Bí wọn kò bá gbà kí ẹ yí ọjọ́ padà, tó sì jẹ́ àárín oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án ni, ẹ fi owó yín sọ́wọ́, kí ẹ san án nígbà tí ẹ bá dé ẹnu géètì.